Pọ́fà Kékeré Inú Omi Odò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Pọ́fà ni ẹja tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń sin irú rẹ̀ tó kéré yìí la kó jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Pọ́fà kékeré wo là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Carinotetraodon travancoricus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹja. Gúúsù Íńdíà ló ti wá, nínú àwọn odò àti adágún Kerala àti gúúsù Karnataka. Hora àti Nair ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1941. Bó bá dàgbà tán, kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3.5 lọ, bí oríkèé àtàǹpàkò kan. Ó ń lo nǹkan bí ọdún 4 sí 5 bí ìtọ́jú bá péye.

Ojú rẹ̀ méjèèjì ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti alágẹmọ, ó sì máa ń tẹjú mọ́ ẹni tó bá dúró níwájú gíláàsì. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà á láìbéèrè ohun tó ń jẹ. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ọdẹ ni ẹja yìí, ẹran ló ń jẹ, ó sì ń jà nítorí àyè.

Ṣé ó nílò iyọ̀ nínú omi rẹ̀?

Rárá. Omi odò ni wọ́n bí i sí, inú rẹ̀ náà ló ń kú sí. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ dé nítorí pé àwọn pọ́fà mìíràn wà tí wọ́n ń tà nínú omi lásán nígbà tí wọ́n ṣì kéré, bẹ́ẹ̀ ibi tí odò ti pàdé òkun ni ilé wọn. Dichotomyctere nigroviridis ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé tó kún fún àmì dúdú róbótó, ikùn rẹ̀ sì funfun. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Dichotomyctere ocellatus ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn, àti àmì róbótó kan tí òrùka yí ká nítòsí ìrù. Àwọn wọ̀nyí ló ń fẹ́ iyọ̀ bí wọ́n bá ń dàgbà.

Kì í sì í ṣe gbogbo pọ́fà inú omi odò ló kéré. Tetraodon lineatus tó wà nínú odò Náílì àti odò Ọya ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, Tetraodon mbu ti odò Kóńgò sì ń kọjá 60. Ẹ béèrè orúkọ kí ẹ tó rà.

Báwo ni táǹkì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Fún ẹyọ kan, lítà 20 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. 40 ló dára. Fún mẹ́fà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 80. Gígùn táǹkì ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ àti àárín igi ni ẹja yìí ti ń ṣọdẹ. Àwo gíláàsì róbótó kò yẹ ẹ́: omi tó wà nínú rẹ̀ kéré débi pé ìdin kan tó bá jẹrà síbẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Mo ra táǹkì lónìí. Ṣé mo lè kó ẹja sí i lọ́la?

Rárá, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ pọ́fà ti ń kú. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíràìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kì í ṣèpalára bí kò bá pọ̀ jù. Nínú táǹkì tuntun, àwọn bakitéríà wọ̀nyí kò tíì sí. Wọ́n ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ bu omi sí táǹkì, ẹ fi oògùn tó ń pa kílórínì inú omi ẹ̀rọ sí i, ẹ tan asẹ́ omi àti hítà. Ẹ wá kán amóníà sí i títí àyẹ̀wò yóò fi fi mílígíráàmù 2 hàn nínú lítà kan. Amóníà tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú ni kó jẹ́. Ẹ máa yẹ omi wò lọ́jọ́ méjì-méjì. Amóníà ló máa kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, náítíràìtì á gòkè, òun náà á wá lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi 2 sí i tí méjèèjì sì di òdo láàárín wákàtí 24, táǹkì ti gbó. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, kí ẹ tó kó ẹja wọlé.

Bí ẹ bá rí fóòmù asẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ nínú táǹkì mìíràn tí ẹja rẹ̀ lera, ẹ gbé e sínú tiyín. Ó lè gé ìdúró yẹn kúrú gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa yẹ omi wò.

Irú omi wo ló bá a lára mu?

Ìgbóná 24 sí 28°C, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) láàárín 6.5 àti 8, amóníà òdo, náítíràìtì òdo, náítíréètì kó má ju mílígíráàmù 20 lọ nínú lítà kan. Ẹ má ṣe máa fi oògùn lé pH kiri. Omi tó dúró lójú kan ní 7.8 sàn fún un ju omi tó jẹ́ 7.0 lónìí tó di 6.4 lọ́túnla.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìgbóná omi tuntun má fi ju 1 tàbí 2°C yàtọ̀ sí ti inú táǹkì. Gbígbé omi kalẹ̀ mọ́jú máa ń jẹ́ kí kílórínì fò lọ, ṣùgbọ́n kì í mú kílórámíìnì (kílórínì tí wọ́n pò mọ́ amóníà) kúrò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi ló sì ń lo kílórámíìnì báyìí. Oògùn rẹ̀ ló dájú.

Asẹ́ omi wo ni kí n rà?

Asẹ́ fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń bá ṣiṣẹ́. Lẹ́bẹ́ kéékèèké ni pọ́fà fi ń tukọ̀ ara rẹ̀, kì í lè bá omi tó ń ṣàn gidi jà. Bí asẹ́ yín bá ń ta omi jáde kíkankíkan, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ara gíláàsì, kí ẹ sì fi fóòmù bo ibi tó ti ń fa omi. Inú omi tí ẹ fà jáde láti táǹkì ni kí ẹ ti fọ fóòmù náà, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Kílórínì tó wà nínú omi ẹ̀rọ máa ń pa bakitéríà tí ẹ fi oṣù kan gbó.

Hítà: wáàtì kan sí lítà kan tó. Ẹ fi tẹmọ́mítà sí òdìkejì rẹ̀, nítorí hítà tó bá bàjẹ́ kì í pariwo.

Ṣé dandan ni ewéko?

Fún ẹyọ kan ṣoṣo, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan, àmọ́ inú táǹkì gbẹrẹfu á sú u. Fún méjì sókè, dandan ni. Ìdí ni pé akọ tó bá ń rí akọ mìíràn láti ìkangun dé ìkangun kò ní jẹ́ kó sinmi. Ẹ gbin ewéko, ẹ fi igi àti òkúta dí ojú ọ̀nà, títí ẹ ò fi ní lè rí ògiri ẹ̀yìn táǹkì tán tí ẹ bá dúró níwájú.

Anubias, Microsorum pteropus, Cryptocoryne àti Vallisneria kò le gbìn. Ceratophyllum ń dàgbà kíákíá, ó sì ń fa náítíréètì mu. Mọ́ọ̀sì dára nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ojú oró náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa: ojú oró ní í lékè omi, òjìji rẹ̀ sì ń mú kí ara pọ́fà balẹ̀. Ẹ ṣáà máa kó lára rẹ̀ kúrò kó má bo gbogbo ojú omi.

Kí ló ń jẹ?

Ẹran, ohun tó ń rìn tàbí tó jọ ohun tó ń rìn. Ìdin pupa Chironomus tó dì bíi yìnyín ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé, ó sì dára, bí kò bá jẹ́ òun nìkan ni. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Daphnia àti Artemia (ẹ̀dá omi wínníwínní tó bá edé tan), aràn funfun kéékèèké, aràn omi Lumbriculus tí ẹ gé wẹ́wẹ́, tanwíjí (ìdin ẹ̀fọn) láti inú omi tí kò ní oògùn, àti ìṣáwùrú kékeré. Daphnia ń ṣiṣẹ́ méjì: oúnjẹ ni, ó sì ń jẹ́ kí ikùn ẹja ṣiṣẹ́ bó bá ti jẹ ìdin púpọ̀ jù.

Oúnjẹ tó bá ti dì, ẹ yọ́ ọ nínú ife omi táǹkì, ẹ da omi pupa rẹ̀ nù, ẹ wá fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀mú kékeré gbé e síwájú wọn. Ẹ má ṣe kàn dà á sílẹ̀. Pọ́fà máa ń rò ó kó tó bù ú jẹ. Ohun tó bá ti jábọ́ sáàárín òkúta, kò ní wá a lọ síbẹ̀ mọ́, á sì jẹrà.

Ó kọ oúnjẹ gbígbẹ. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ?

Ẹ má dá ara yín lágara. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbà á, àwọn yòókù á sì gbààwẹ̀ títí wọ́n á fi kú kí wọ́n tó fẹnu kàn án. Bí kò bá sí ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà rí oúnjẹ tútù tàbí èyí tó dì, ẹja mìíràn ni kí ẹ sìn.

Báwo ni mo ṣe máa sin ìṣáwùrú fún un?

Ẹ wá ike lítà 10, ẹ fi omi táǹkì tí ẹ fà jáde kún un, ẹ jù ewéko Ceratophyllum díẹ̀ sí i. Physa àti ìṣáwùrú tí ìkarawun rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí owó ẹyọ irin ló dára, nítorí ìkarawun wọn fẹ́lẹ́. Ẹ fi bíi 10 sí 20 bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fún wọn ní ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sì jù èépá ẹyin tó mọ́ sí i kí ìkarawun wọn má bàa rà. Ó kéré tán, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó jẹ èlé àti owó pọ̀.

Èyí tí kò ju ojú ẹja náà lọ ló ń yá a jẹ. Ẹ yẹra fún Melanoides, ìṣáwùrú gígùn ṣóṣóró tó ń rì sínú iyanrìn: ìkarawun rẹ̀ le jù, ó lè ya eyín pọ́fà.

Ìgbà mélòó lójúmọ́, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó?

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, kó má le bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ kó ìyókù kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ọjọ́ kan láìjẹun lọ́sẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan. Kò sígbà tí kò ní wò yín bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àná. Ẹ má dá a lóhùn.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò ọjọ́ 3 tàbí 4, ẹja tó ti dàgbà tó sì lera lè dúró. Ẹ jù ìṣáwùrú mélòó kan sílẹ̀ fún un. Ẹ má gbé oúnjẹ lé aládùúgbò tí kò mọ ìwọ̀n lọ́wọ́.

Ẹja wo ló lè bá a gbé?

Ìdáhùn tó dájú jùlọ ni: kò sí. Ó ń gé lẹ́bẹ́ ẹja tó lọ́ra, àwọn tí lẹ́bẹ́ wọn gùn ló sì kọ́kọ́ ń jìyà. Edé kékeré di oúnjẹ rẹ̀. Ẹja kékeré Otocinclus ni àwọn kan ń sìn pọ̀ mọ́ ọn láìsí ìjà, ṣùgbọ́n ìwà pọ́fà yàtọ̀ síra. Ẹ ní táǹkì mìíràn ní ìmúrasílẹ̀ kí ẹ tó dán an wò.

Mélòó ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa mọ akọ?

Ẹyọ kan, tàbí mẹ́fà sókè. Méjì tàbí mẹ́ta ló burú jù, torí pé alágbára á dájú sọ ẹyọ kan ṣoṣo títí yóò fi kú. Nínú ọ̀pọ̀, ìlépa náà á pín káàkiri. Akọ kan sí abo méjì tàbí mẹ́ta ló dára.

Akọ tó ti dàgbà máa ń ní ìlà dúdú kan láàárín ikùn, àti ìlà wínníwínní tó ń dán lẹ́yìn ojú; ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Abo yó ní ikùn, àmì ara rẹ̀ sì ń tú ká. Àwọn ọmọdé wọn kò ṣeé dá mọ̀, ẹni tó bá sì ta "akọ àti abo" ọmọdé fún yín, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Kí ni mo máa wò kí n tó sanwó?

Ikùn kọ́kọ́. Kó yọ díẹ̀ tàbí kó tẹ́. Èyí tó bá ti wọnú, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ojú méjèèjì mọ́ kó sì máa yí. Ẹ ní kí olùtajà fún un lóúnjẹ lójú yín. Inú odò ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, àjọ IUCN tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá lágbàáyé sì kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, nítorí náà bí èyí tí wọ́n bí nínú táǹkì bá wà, òun ni kí ẹ rà.

Nílé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ máa kán omi táǹkì sínú omi tó bá a wá fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, kí ẹ wá fi ife gbé e. Ẹ má da omi olùtajà sínú táǹkì, ẹ má sì fi àwọ̀n gbé e, nítorí ó lè gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tó bá yọ sókè omi.

Ó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lára gíláàsì láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ló dé?

Nínú ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin àkọ́kọ́, àìmọbi ni. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ amóníà àti náítíràìtì wò ṣáájú ohunkóhun. Bí omi bá dára, ẹ wo bóyá òjìji ara rẹ̀ ló ń rí nínú gíláàsì: ẹ dín iná kù, ẹ fi páálí dúdú bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ìyẹn náà kò bá gbà, táǹkì ti gbẹrẹ jù. Ewéko tuntun àti ìṣáwùrú alààyè tí yóò máa ṣọdẹ ló máa ń wo èyí sàn.

Dídùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe àìsàn, oorun ni. Ṣùgbọ́n ìrù tó ká mọ́ ẹ̀gbẹ́, tí ara sì ṣú dúdú lọ́sàn-án gangan, kò dára.

Ó ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ ń wọnú. Ṣé ebi ni?

Aràn inú ni. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára èyí tí wọ́n kó láti odò. Ìgbẹ́ funfun tó gùn bí òwú jẹ́ àmì rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú pupa tó yọ lẹ́nu ihò ìdí rẹ̀, Camallanus nìyẹn.

Levamisole ni oògùn rẹ̀: mílígíráàmù 2 sí lítà kan. Táǹkì tí omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 40 á gba 80. Ẹ ka ohun tó wà lára ìgò, nítorí ìwọ̀n levamisole inú oògùn ẹran ọ̀sìn kì í dọ́gba. Ẹ yọ èédú kúrò nínú asẹ́, ẹ pa iná táǹkì, ẹ fi aṣọ bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba oògùn yìí jẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, ẹ sì fa gbogbo ilẹ̀ táǹkì mọ́: oògùn náà ń rọ aràn lápá-lẹ́sẹ̀ tó fi ń jábọ́, kì í sì í pa ẹyin rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Kò ràn aràn pẹlẹbẹ bíi téèpù. Praziquantel ló wà fún ìyẹn.

Nígbà ìtọ́jú, ẹ fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹja tó ti gbẹ kò ṣeé fi oúnjẹ ńlá kan ṣoṣo tọ́jú.

Àmì funfun bí iyọ̀ bò ó lára. Oògùn wo ni mo lè lò?

Ichthyophthirius ni, kòkòrò àfòmọ́ kan. Pọ́fà kò ní ìpẹ́ bíi ti ẹja yòókù, oògùn sì ń tètè wọ̀ ọ́ lára. Ẹ má ṣe lo èyí tó ní kọ́pà nínú. Ìgbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé e sókè ní 1°C láàárín wákàtí 12 títí á fi dé 30, ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kún un nítorí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ tí àmì náà pòórá: ó ti jábọ́ lọ pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún nísàlẹ̀ táǹkì ni, ó ń bọ̀.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ máa gé eyín rẹ̀?

Eyín mẹ́rin tó so pọ̀ bí àgógó ẹyẹ ló ní, kì í sì í dẹ́kun dídàgbà. Jíjẹ ìṣáwùrú ló ń mú kó kúrú. Pọ́fà kékeré yìí kì í sábà dé ibi gígé bó bá ń jẹ ìṣáwùrú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Colomesus asellus ti Amẹ́sọ́nì ni eyín rẹ̀ ń yára gùn tó máa ń fẹ́ gígé. Bí tiyín bá gùn débi pé kò lè la ẹnu, ẹ wá oníṣègùn ẹranko tó mọ ẹja: oògùn oorun ló wà níbẹ̀, ẹja tó kéré báyìí kò sì ní àyè fún àṣìṣe.

Ó ti wú, ó léfòó sójú omi, kò sì lè padà. Kí ni kí n ṣe?

Afẹ́fẹ́ ló gbé mì. Omi ló yẹ kó fi wú, ìyẹn sì máa ń jáde fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ̀lú iná pípa. Bí kò bá yí padà, ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́ láìsí ọṣẹ, ẹ dì í mú pẹ̀lẹ́ lábẹ́ omi, kí orí rẹ̀ wà lókè, ìrù nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà gba ẹnu jáde. Ẹ lè mì ín fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ má sì dẹ́rù bà á kí ó lè wú fún àlejò wò.

Ṣé májèlé rẹ̀ lè ṣe mí?

Fífi ọwọ́ kàn án kò lè ṣe yín ní nǹkan. Jíjẹ ẹ́ ni ewu, nítorí ẹbí pọ́fà ni májèlé tetrodotoxin ti gbajúmọ̀, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Bó bá kú, ẹ tètè yọ ọ́, ẹ má jù ú fún ológbò tàbí ajá.

Abo mi ń yé ẹyin. Báwo ni mo ṣe lè tọ́ ọmọ náà?

Akọ á lé abo wọ inú mọ́ọ̀sì, wọ́n á sì yé ẹyin wínníwínní bíi mílímítà kan síbẹ̀. Ẹ gbé mọ́ọ̀sì náà lọ sí ike mìíràn tí omi rẹ̀ jẹ́ 27°C kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Yóò pa ní nǹkan bí ọjọ́ 5. Ẹyin tó bá funfun bí òwú ti bàjẹ́, ẹ yọ ọ́. Ọmọ náà kéré jù fún Artemia ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú omi tí ojú kò rí, èyí tó ń hù nínú omi ewé jíjẹrà, ló máa kọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín wọn bí wọ́n ṣe tóbi sí, nítorí àgbà ń jẹ àbúrò.

Omi ti pẹ́ nínú táǹkì láìpààrọ̀, ẹja wà dáadáa. Mo pààrọ̀ ìdajì, ó kú mọ́jú. Ṣé omi tuntun ló ní májèlé?

Ó lè jẹ́ kílórínì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi oògùn rẹ̀ sí i, ẹ wo pH. Táǹkì tó ti pẹ́ láìpààrọ̀ omi máa ń kan, pH rẹ̀ lè dé 6 tàbí kó lọ sísàlẹ̀ síi. Níbẹ̀, bakitéríà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, amóníà á sì ń pọ̀, àmọ́ ó wà ní ipò ammonium tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Omi tuntun tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.5 tàbí 8 ló ń sọ ọ́ padà di amóníà gidi láàárín ìṣẹ́jú.

Nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, ẹ wọn pH àti amóníà omi àtijọ́ àti ti tuntun kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀, títí méjèèjì yóò fi súnmọ́ra. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Bí amóníà bá ti ń hàn nínú omi náà, ẹ lo oògùn kílórínì irú èyí tó ń de amóníà pẹ̀lú, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì títí yóò fi di òdo.